Kí ló dé tí ilé àwòṣífìlà fi ń pọ̀ sí i ní Accra nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí ilé gbé?

Ẹni tó bá dé Accra, olú ìlú Ghana, ní ogún ọdún sẹ́yìn tó sì padà síbẹ̀ lónìí lè má dá àdúgbò tó yí pápákọ̀ òfurufú ìlú náà ká mọ̀ mọ́. Níbi tí ilé ilẹ̀ àti igi máńgòrò wà tẹ́lẹ̀, ilé alájà mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ti gba ibẹ̀, òmíràn ṣì tún ń yọ sókè.

Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ẹ sì gbójú sókè, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ fèrèsé nínú àwọn ilé náà ni iná kì í tàn. Wọ́n ti kọ́ ọ tán, wọ́n ti rà á, àmọ́ kò sí ẹni tó ń sun ibẹ̀.

Ètò ìkànìyàn tí Ghana ṣe lọ́dún 2021 fi hàn pé nínú gbogbo ilé tí wọ́n ti kọ́ parí, ìdá 12.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣófo. Nínú ètò ìkànìyàn kan náà ni ìjọba ti sọ pé ilé tí orílẹ̀-èdè náà ṣì nílò tó mílíọ̀nù 1.8.

Báwo ni ilé ṣe lè pọ̀ kó tún wọ́n? Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kí nìdí tó fi jẹ́ àdúgbò kan náà ni gbogbo wọn ń lé?

Airport Residential Area, Cantonments, Ridge àti Labone ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Nígbà ìjọba amúnisìn, Ridge àti Cantonments jẹ́ ibi tí àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé. Ilé kékeré kan lórí ilẹ̀ ńlá ni wọ́n máa ń kọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira lọ́dún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba Ghana ló bọ́ sínú wọn.

Ìyẹn ló fà á tí àwọn oníṣòwò ilé fi fẹ́ràn ibẹ̀. Ilẹ̀ tí ìdílé kan ṣoṣo ń lò tẹ́lẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ fúláàtì tí wọ́n bá kọ́lé lọ sókè.

Ìdí kejì ni ìwé ilẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ilẹ̀ Ghana ló wà lọ́wọ́ àwọn ọba, ẹbí àti ìdílé. Kì í ṣe ohun tuntun kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta ra ilẹ̀ kan náà. Bí a ṣe ní ọmọ onílẹ̀ ní Naijiria, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní 'landguard' ní Ghana, àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń gbà láti fi agbára gba ilẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019 ti sọ iṣẹ́ wọn di ẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba láti ayé òyìnbó kì í sábà ní irú wàhálà yẹn.

Lẹ́yìn náà ni epo rọ̀bì dé. Wọ́n ṣàwárí epo ní pápá Jubilee lọ́dún 2007, epo àkọ́kọ́ sì jáde lọ́dún 2010. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo, báńkì àti àjọ àgbáyé tó ń wọ̀lú ń wá ilé tí iná àti omi kì í lọ níbẹ̀. Iléeṣẹ́ wọn ló ń sanwó ilé fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, dọ́là ni wọ́n sì fi ń san án. Láàárín àsìkò yẹn ni àwọn ilé gíga mẹ́ta aláràbarà tí wọ́n ń pè ní Villaggio Vista yọ sókè nítòsí oríta Tetteh Quarshie.

Kí ló dé tó fi jẹ́ dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé e?

Òfin pàṣípààrọ̀ owó tí Ghana ṣe lọ́dún 2006 kò fàyè gba kí èèyàn máa fi dọ́là dá iye lé ọjà láìgba àṣẹ. Báńkì àpapọ̀ Ghana ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ léraléra. Síbẹ̀, dọ́là ló kún inú ìpolówó ilé ní Accra.

Àlàyé àwọn tó ń kọ́lé ni pé lífítì, gíláàsì, ẹ̀rọ amúlétutù àti ọ̀pọ̀ tàílì, òkè òkun ló ti ń wá. Kódà, ọ̀pọ̀ ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ńtì náà ń gba orí omi wọlé. Ilé gíga sì lè gba ọdún mẹ́ta kó tó parí. Tí wọ́n bá gba Cedi lónìí, owó náà lè má ra nǹkan kan náà mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọdún 2022 fi hàn pé ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti lásán. Lóṣù Kejìlá ọdún náà, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Ghana dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù yẹn kan náà ni ìjọba kéde pé òun dá sísan ọ̀pọ̀ gbèsè òkè òkun dúró. Àwọn tó yá ìjọba lówó nílé pàápàá kò bọ́, torí ìjọba yí àdéhùn náà padà, èlé wọn dín kù, ọjọ́ tí wọn yóò gba owó wọn sì jìn sí i. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni àjọ IMF fọwọ́ sí ẹ̀yáwó bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là fún Ghana.

Nítorí náà, ẹni tó kó Cedi sí báńkì pàdánù, ẹni tó yá ìjọba lówó náà pàdánù. Àmọ́ ẹni tó ní fúláàtì tí wọ́n ń fi dọ́là dá iye lé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á, fúláàtì náà kì í ṣe ibùgbé, àpótí ìfowópamọ́ ni.

Òwò náà kò sì ṣàìní ewu tirẹ̀. Lọ́dún 2025, Cedi gbérí lọ́nà tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ẹni tó ń gba owó ilé ní dọ́là rí i pé Cedi tó ń bọ́ sí òun lọ́wọ́ ti dín kù.

Ta ló ń ra àwọn ilé yìí?

Àwọn ọmọ Ghana tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn. Láti ọdún 2019, tí Ghana pe àwọn èèyàn dúdú káàkiri àgbáyé wálé nínú ètò 'Year of Return', èrò máa ń ya wọ Accra lóṣù Kejìlá. Ẹlòmíràn ń ra fúláàtì láti máa fi gba àlejò ọjọ́ díẹ̀ lásìkò ọdún, tí yóò sì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù yòókù.

Ọ̀rọ̀ owó àìmọ́ tún wà níbẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018 sí oṣù Kẹfà ọdún 2021, Ghana wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ FATF ń ṣọ́ nítorí àìlera òfin wọn lórí fífi òwò bo owó tí wọ́n kó jọ lọ́nà àìtọ́ mọ́lẹ̀. Káàkiri àgbáyé, ilé rírà jẹ́ ọ̀nà kan tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń gbà sá pamọ́. Lọ́dún 2020, Ghana ṣe òfin tó ní kí àwọn àjẹ́ńtì ilé máa gba ìwé àṣẹ.

Àwọn tó ń gbowó oṣù nílùú ni wọn kò rọ́nà wọ ọjà yìí. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2023, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé tí Báńkì àpapọ̀ Ghana fi lélẹ̀. Ẹni tó bá lọ yáwó láti ra ilé yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní owó gidi lọ́wọ́ nìkan ló lè bá wọn dúnàádúrà.

Kí ni ojú ayálégbé ń rí?

Òfin owó ilé tí Ghana ṣe lọ́dún 1963 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba àsansílẹ̀ tó ju oṣù mẹ́fà lọ. Àmọ́ ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù ní Accra ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lọ́dún 2025, owó iṣẹ́ òòjọ́ tó kéré jù lọ ní Ghana jẹ́ Cedi 19.97. Tí èèyàn bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 27 lóṣù, nǹkan bí Cedi 539 ni yóò gbà. Ká ní yàrá kan jẹ́ Cedi 500 lóṣù. Àsansílẹ̀ ọdún méjì jẹ́ Cedi 12,000, ìyẹn gbogbo owó iṣẹ́ oṣù méjìlélógún, láì tíì jẹun.

Lóṣù Kìíní ọdún 2023, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń yá àwọn òṣìṣẹ́ lówó láti fi san àsansílẹ̀ náà. Ẹni tí kò níṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀ kò lè rọrùn kó jàǹfààní rẹ̀. Lára irú wọn ni àwọn kayayei, àwọn obìnrin tó ń ti apá àríwá wá láti máa ru ẹrù ní ọjà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń pín yàrá onípákó ní Old Fadama, tí ẹlòmíràn sì ń sun iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ṣé ìjọba kò kọ́lé fún mẹ̀kúnnù ni?

Ó gbìyànjú. Lọ́dún 2012, Ghana bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé Saglemi, lápá Prampram, ní ìlà oòrùn Accra. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ilé ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ pẹ̀lú 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ilé 1,506 ni wọ́n kọ́ dé ibì kan, kò sì sí omi, kò sí iná níbẹ̀. Ìjọba yí padà, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, koríko sì hù mọ́ àwọn ilé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àǹfààní wo ló ń bá ìlú?

Iṣẹ́ wà níbẹ̀. Bíríkìlà, káfíńtà, oníná, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, agbálẹ̀ àti àwọn ìyá olóúnjẹ tó ń ta wààkyé fún àwọn òṣìṣẹ́ ń rí nǹkan mú relé. Àmọ́ ẹni tó ń kọ́ ilé náà kò lè gbé nítòsí rẹ̀. Kasoa, Amasaman tàbí Adenta ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ̀. Trotro, tó jọ dánfó Èkó, ni wọ́n máa ń wọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ omi náà tún wà. Ilẹ̀ tí wọ́n bá fi kankéré bò kò lè fa òjò mu mọ́. Accra kò tíì gbàgbé òru ọjọ́ Kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2015, nígbà tí àgbàrá òjò àti iná tó sọ ní ilé epo kan ní Circle pa èèyàn tó lé ní 150.

Kí ló yẹ kí ọmọ Naijiria tó fẹ́ ra ilé ní Accra mọ̀?

Ìwé òfin Ghana ti ọdún 1992 kò fàyè gba àjèjì láti ni ilẹ̀ títí ayé. Àdéhùn tó gùn jù tó lè gbà kò gbọdọ̀ ju ọdún 50 lọ, jíjẹ́ ọmọ ECOWAS kò sì yí èyí padà. Tí ẹni tó ń tà á bá ti lo ogún ọdún nínú àdéhùn náà, ọgbọ̀n ọdún tó kù lẹ ń rà yẹn. Ẹ bèèrè iye ọdún tó kù, kí ẹ sì yẹ ìwé náà wò ní àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, Lands Commission, kí ẹ tó sanwó.

Ẹ tún bèèrè owó ìtọ́jú ilé. Lífítì, ẹ̀ṣọ́ àti ẹ̀rọ amúnáwá tó ń ṣiṣẹ́ lásìkò 'dumsor', bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tó ni fúláàtì ló ń sanwó wọn, yálà ó ń gbé ibẹ̀ tàbí kò gbé ibẹ̀.

Accra nìkan kọ́ ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ilé gíga ń yọ ní Abidjan, ó ń yọ ní Ìkòyí àti Eko Atlantic ní Èkó. Níbikíbi tí owó ìlú kò bá ti ṣeé gbára lé, ẹni tó lówó yóò máa fi ilé pa á mọ́. Iye ilé tí wọ́n ń kọ́ lè máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún, àmọ́ tó bá jẹ́ àpótí owó ni wọ́n ń kọ́, ẹni tó ń wá ibi tí yóò sùn kò ní tíì rí ilé.