Ìsọ̀rí Páténtì fún Irúgbìn Tuntun: Níbo ni Ti Àgbẹ̀ Ìlódè Wà?

Ní Ìlódè, bíi ti àwọn àdúgbò àtijọ́ yòókù n'Ílé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ agboolé ló ṣì ní oko lábúlé. Bí ọmọ agboolé bẹ́ẹ̀ bá ń ṣa àgbàdo rẹ̀ lọ́dọọdún títí tó fi ní irú kan tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kóun lọ gba páténtì, ẹ̀tọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lo ohun tuntun ẹni láìgbàṣẹ. Kò ní rí i gbà. Òfin páténtì tí Nàìjíríà ṣe ní 1970 sọ ọ́ kedere pé kò sí páténtì fún ẹ̀yà ohun ọ̀gbìn tàbí ti ẹran.

Amẹ́ríkà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1930 ni wọ́n ti ní òfin páténtì fún ohun ọ̀gbìn, àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀ka gbìn tàbí tí wọ́n ń lọ́ mọ́ igi mìíràn, tí kì í ṣe kóró. Henry Bosenberg ló gba àkọ́kọ́ ní August 18, 1931, lórí òdòdó róòsì kan tí ń jẹ́ New Dawn. Ọ̀dùnkún òyìnbó kò sí lára ohun tí òfin náà gbà, nítorí pé iṣu rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ náà ni wọ́n ń gbìn. Àwọn tí wọ́n ń fi kóró gbìn ní òfin tiwọn láti 1970.

Bí òfin tilẹ̀ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, gbogbo ayé ló ń lo ìlànà kan náà láti fi to páténtì sí ìsọ̀rí. Àdéhùn Strasbourg ti 1971 ló gbé e kalẹ̀, WIPO, àjọ àgbáyé fún ohun-ìní ọpọlọ, ní Geneva ló sì ń bójú tó o. Lẹ́tà A dúró fún àwọn ohun tí ènìyàn kò lè ṣe aláìní. A01 ni iṣẹ́ àgbẹ̀. A01H ni ohun ọ̀gbìn tuntun àti ọ̀nà tí a ń gbà mú un jáde. Nínú A01H, 1 ni ọ̀nà ìmújáde, 4 ni títọ́ irúgbìn nínú ìgò ní yàrá àyẹ̀wò, 5 sì ń wo ẹ̀yà ara: òdòdó, gbòǹgbò, èso, kóró, ewé. Olú pàápàá wà níbẹ̀, ní 15.

Ní 2018 ni wọ́n fi 6 kún un, èyí tó ń to ohun ọ̀gbìn ní ìdílé-ìdílé. Ẹ̀wà wà ní A01H 6/54 pẹ̀lú sóyà àti ẹ̀pà. Àgbàdo, ìrẹsì àti ọkà bàbà wà ní 6/46. Ìdílé ẹ̀gẹ́ ni 6/38, ṣùgbọ́n òdòdó poinsettia tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà Kérésìmesì ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó dùn mí. Ẹ̀gẹ́ tó ń bọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ní Áfíríkà kò rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé irúgbìn kan ṣoṣo lè ní ju fáìlì kan lọ. Ẹ wo ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí wọ́n mú jáde ní Zaria, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní 2019. Wọ́n fi àbùdá Cry1Ab, tó wá láti ara bakitéríà inú ilẹ̀, sí i kí kòkòrò Maruca má baà jẹ òdòdó àti èso rẹ̀. Iṣẹ́ fífi àbùdá sínú ohun ọ̀gbìn ní ìsọ̀rí tirẹ̀, C12N 15/82, páténtì sì lè wà lórí àbùdá. Ẹ̀wà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn yẹn ni Nàìjíríà ṣe òfin fún ní 2021, òfin ìdáàbòbò irú ohun ọ̀gbìn, lábẹ́ àjọ tó ń rí sí irúgbìn, NASC. Ìlànà UPOV, àjọ àgbáyé fún ìdáàbòbò irú ohun ọ̀gbìn tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ló tẹ̀ lé. Irú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti mọ̀, kí gbogbo rẹ̀ bá ara mu lóko, kó má sì yí padà láti ìran dé ìran. Nínú àdéhùn UPOV ti 1991, ẹ̀tọ́ náà kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 20, tàbí 25 fún igi. UPOV ní àmì tirẹ̀ tó fi ń to nǹkan: MANIH_ESC fún ẹ̀gẹ́, ZEAAA_MAY fún àgbàdo, VIGNA_UNG fún ẹ̀wà, THEOB_CAC fún kòkó. Àwọn ará wa ní Benin àti Togo ń gba ẹ̀tọ́ tiwọn lọ́dọ̀ OAPI, àjọ ohun-ìní ọpọlọ tó wà ní Yaoundé.

Ìforúkọsílẹ̀ irú tún yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ ìdáàbòbò yìí. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i wà lọ́dọ̀ NACGRAB, àjọ tó ń tọ́jú àbùdá ohun ọ̀gbìn, ní Moor Plantation, Ìbàdàn. Àṣẹ pé kí irú jáde sọ́wọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń fúnni, kì í ṣe ẹ̀tọ́ oníǹkan. Ní Moor Plantation yìí kan náà ni IAR&T wà, ilé ìwádìí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó mú àgbàdo ILE-1-OB jáde. Orúkọ ìlú wa ni ẹ̀wà Ife Brown ń jẹ́. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Bí ẹnì kan bá mú ẹ̀wà pupa mìíràn wá, olùyẹ̀wò yóò gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó jọ ọ́, yóò wo ọjọ́ tó yọ òdòdó, bó ṣe ń nà, àwọ̀ èèpo kóró rẹ̀ àti ojú dúdú ara kóró náà.

Ẹ̀gẹ́ Ọkọ Ìyàwó ni mo fẹ́ kí a fiyè sí jù. Lọ́dọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, TME 7 ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ti gba àwọn TME, kì í ṣe irú tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ bíi TMS. Irú àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ló ní agbára CMD2 tí kì í jẹ́ kí àrùn mósáíìkì ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tí àwọn onímọ̀ sì ń fi sínú ẹ̀gẹ́ tuntun títí di òní. Kò sí orúkọ àgbẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ irúgbìn wa gbọ́dọ̀ máa sọ abúlé tí irú ti wá.

Ọmọ Ìlódè tó bá ní irú tuntun lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ tàfàlà. Bó bá ti ń tà á nílé fún ohun tó ju ọdún kan lọ kó tó kọ̀wé béèrè, irú náà kì í ṣe tuntun mọ́ ní ìlànà UPOV. Kó fi kóró díẹ̀ pamọ́, kó kọ ọjọ́ àti oko tó ti ṣà á sílẹ̀, kó fún un lórúkọ tí irú mìíràn kò jẹ́, kó sì lọ bá NASC.