Larwood, ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí wọ́n tún ní kó tọrọ àforíjì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òwe yìí bá ìtàn Harold Larwood mu, ọmọ awakùsà tó di ọ̀kan lára àwọn tí bọ́ọ̀lù wọn yára jù lọ nínú eré kírìkẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní abúlé Nuncargate, ní àgbègbè Nottinghamshire. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 14, ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ihò èédú, níbi tó ti ń da àwọn ẹṣin kéékèèké tó ń fa ẹrù lábẹ́ ilẹ̀. Ọdún 1924 ló kọ́kọ́ ṣeré fún ẹgbẹ́ Nottinghamshire, ẹgbẹ́ náà sì gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àwọn àgbègbè ní 1929.

Láyé ìgbà náà, oríṣi eléré méjì ló wà. Àwọn ọmọ ọlọ́lá kì í gbowó iṣẹ́, àwọn ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe olórí. Àwọn bíi Larwood, tó ń fi eré náà jẹun, ń gbowó ọ̀yà, ohun tí olórí bá sì sọ labẹ gé. Ọdún 1962 ni wọ́n tó fòpin sí ìyàtọ̀ yìí.

Nígbà tí Ẹ̀ńgílándì ń lọ bá Ọsirélíà ṣeré ní 1932, Donald Bradman ni ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù, nítorí apá ẹnikẹ́ni kò ká a. Olórí wọn, Douglas Jardine, tó kàwé ní Oxford, ní kí Larwood máa ju bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kó lè ta dé àyà àti orí ẹni tó di igi mú, kí àwọn tó dúró nítòsí sì máa hán an. Kò sí akoto lórí ẹnikẹ́ni nígbà náà.

Ní Adelaide, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1933, bọ́ọ̀lù Larwood ba Bill Woodfull, olórí Ọsirélíà, láyà. Òmíràn ba Bert Oldfield lórí, egungun orí rẹ̀ sì sán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Oldfield fúnra rẹ̀ ní kì í ṣe ẹ̀bi Larwood. Ìbínú gba gbogbo Ọsirélíà kan, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ṣùgbọ́n Ẹ̀ńgílándì borí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún. Èèyàn 33 ni Larwood lé kúrò lójú pápá, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́ ní Sydney.

Ní 1934, wọ́n ní bó bá ṣì fẹ́ ṣeré fún Ẹ̀ńgílándì, kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ MCC, ẹgbẹ́ tó ń darí eré náà nígbà náà. Larwood kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ohun tí olórí ní kí òun ṣe lòun ṣe. Jardine tó rán an níṣẹ́ ṣì ṣe olórí ẹgbẹ́ lọ sí Íńdíà lẹ́yìn ìrìn àjò Ọsirélíà náà.

Larwood kò ṣeré fún Ẹ̀ńgílándì mọ́ láé. Ó padà sí Nottinghamshire, ó sì lé èèyàn 119 kúrò lójú pápá ní 1936. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1938, àpapọ̀ àwọn tó lé kúrò jẹ́ 1,427.

Lẹ́yìn ogun, ó ń ta suwíìtì nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Blackpool. Jack Fingleton, ọmọ Ọsirélíà tó kojú bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí, ló gbà á níyànjú pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ní 1950, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn márààrún wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sydney. Àwọn tó ti pariwo lé e lórí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọdún 1993 ni Ẹ̀ńgílándì tó fi oyè MBE dá a lọ́lá, nígbà tó ti di ẹni ọdún 88. Ó kú ní ọjọ́ 22, oṣù keje, ọdún 1995. Títí tó fi kú, kò tọrọ àforíjì náà.