Micra: Ohun tí Àwọn tí Ń Wà Á Láàárín Wa Sọ

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ọ̀rọ̀ ti jáde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́, ìbéèrè kan náà ni ó ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé wa: "Ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò wo ni ènìyàn lè rà tí kò ní í jẹ èrè ọjà tán?" Ẹ̀bi wọn kọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, nǹkan bí ₦185 ni lítà epo bẹntiróòlù kan ní ilé epo ìjọba l'Ékòó. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di ₦488. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ₦1,000 l'Ékòó, ó sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ ní Àbújá. Ẹni tí ó ń ti Ìbàdàn lọ rajà l'Ékòó kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un.

Nítorí náà ni a fi lọ bá àwọn tí ó ti ń wa mọ́tò kékeré láàárín wa. Micra ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, kò sì yani lẹ́nu, nítorí bí ènìyàn bá dúró ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Ìwó Road fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, Micra tí yóò kọjá níwájú rẹ̀ kò ní í lóǹkà. Òun ni takisí Ìbàdàn. A kò lọ bá àwọn tí ń tà á o. Kò sí ọlọ́jà tí yóò sọ pé ọjà òun kò dára.

Ilé iṣẹ́ Nissan ti ilẹ̀ Japan, àwọn kan náà tí wọ́n ṣe Datsun tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa, ni ó gbé Micra jáde ní 1982. Èyí tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ jù ni irú kejì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1992, tí gbogbo ara rẹ̀ rí roboto bí ẹyin. Ìlú Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe ti Yúróòpù, òun ni wọ́n sì fi ṣe Ọkọ̀ Ọdún níbẹ̀ ní 1993. Mọ́tò Japan kankan kò gba oyè yẹn rí kí ó tó gbà á. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ mọ́tò wíwà ní London lákòókò náà mọ̀ ọ́n, nítorí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ mọ́tò. Ṣùgbọ́n ti ibẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ àwa ti fi apá òsì títì sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Nítorí náà, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù ni tòkunbọ̀ tiwa ti wá, ọ̀pọ̀ sì gba Kùtọnu wọlé kí ìjọba tó fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò epo, torí òun ni ó gbé wa dé ibẹ̀. Micra tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà kan, bí ara rẹ̀ bá dá, tí a kò sì kó ẹrù pa á, lítà 6 sí 7 ni yóò mu ní kìlómítà 100 lójú ọ̀nà gbọọrọ. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju lítà méjì lọ lè mu 10 tàbí 11. Láti Ìbàdàn dé Èkó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 130. Ní àlọ àti àbọ̀, Micra yóò mu nǹkan bí lítà 17, mọ́tò ńlá yóò mu nǹkan bí 28. Lítà 11 ni ìyàtọ̀ wọn. Nígbà tí lítà kan jẹ́ ₦185, ìyàtọ̀ yẹn kò ju ₦2,035 lọ, ènìyàn a gbàgbé rẹ̀ kó tó délé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ₦1,000 ṣírò rẹ̀, ₦11,000 ni. Ẹni tí ó bá ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù, ₦44,000 nìyẹn. Àwọn kan wà nínú wa tí owó àjẹṣẹ́kù tí wọ́n ń dá lóṣù kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ń ta aṣọ ní Gbági Tuntun, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláṣọ, ti wa tirẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. "Ẹ wò ó," ó ní, "mọ́tò yìí kì í ṣe mọ́tò fáàrí. Bí mo bá gbé e lọ òde ìnáwó, àwọn ọmọ tí ń darí ọkọ̀ á ní kí n lọ gbé e sí ẹ̀yìnkùlé. Kò dùn mí. Ibi tí jíìpù kò ti ráyè dúró ní Dùgbẹ̀, èmi á ti wọlé, mà á ti rajà, mà á ti jáde." Òótọ́ ni ó sọ. Gígùn mọ́tò náà kò ju mítà 3.7 lọ, ó ń yí po nínú títì tóóró, gíláàsì rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ènìyàn ń rí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ láìna ọrùn. Ohun tí kò tẹ́ Ìyá Aláṣọ lọ́rùn ni ariwo. Ó ní bí eré bá ti kọjá 100, ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn kò lè gbọ́ ara wọn, bí tírélà bá sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ní ọ̀nà márosẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á máa ti òun sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tí ó ti rí èyí, 80 ni ó ń sá. Epo rẹ̀ tún wá dín sí i.

Bàbá Tíṣà, tí ó ti fẹ̀yìn tì, Ìjàpá ni ó kọ́kọ́ ní, èyí tí Volkswagen ń tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó láti 1975. Títí di òní, kò sí mọ́tò tí wọn kì í fi wé e. Wọ́n ní Micra rọrùn láti wà ju Ìjàpá lọ fíìfíì, pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fúyẹ́, orúnkún kì í ro wọ́n mọ́ bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. "Ṣùgbọ́n Ìjàpá kò mọ omi," wọ́n ní. "Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ti èyí, omi ni ẹ̀mí rẹ̀." Ẹ fi etí sí Bàbá Tíṣà níbẹ̀ yẹn. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì Micra. Bí omi rédíétọ̀ bá jò tán tí awakọ̀ kò wo gééjì, tí ó ní kí òun sáà sá dé ilé, ooru á yí orí náà wọ́, á jó gásíkẹ́ẹ̀tì, omi àti ọ́ìlì á pàdé. Rọ́bà kékeré kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá Tíṣà kì í ṣíná mọ́tò láàárọ̀ láìwo omi àti ọ́ìlì, wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì kò pa ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba ìrònú nìyí o, ọ̀rọ̀ ẹrù. Gbogbo wa ni à ń rí i tí Micra takisí ń kó ènìyàn mẹ́rin sẹ́yìn, méjì síwájú, tí búùtù rẹ̀ kò sì lè padé. Ojú wa ti mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá rí i lójoojúmọ́ á rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tí kò hàn lójú títì ni iye ìgbà tí ó ń wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó fi méjì sílẹ̀ fún awakọ̀ ní háyà pọ́ṣéèsì sọ fún wa pé àwọn awakọ̀ náà kò lè ka iye kílọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ti pààrọ̀ mọ́.

Gbogbo ìwọ̀n tí Micra irú kejì lè gbé, ènìyàn àti ẹrù àti awakọ̀ pọ̀, fi díẹ̀ lé ní kìlógíráàmù 400. Ti mọ́tò kọ̀ọ̀kan wà lára páálí irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi hàn yín. Àpò ìrẹsì kan jẹ́ 50. Bí a bá ka àgbàlagbà kan sí 70, awakọ̀ àti ènìyàn mẹ́ta ti kó 280. Ohun tí ó kù kò ju àpò méjì lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ń ta oúnjẹ tútù ní Bódìjà ni òun fúnra rẹ̀ ní kí á kọ tòun, kí a sáà má dárúkọ. Ó yá ìlọ́po méjì owó tí ó ní nípamọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, ẹni méjì sì dúró fún un. Ìṣirò rẹ̀ dára lórí ìwé: owó tí ó ń san fún ọlọ́kọ̀ akẹ́rù lóṣooṣù ni yóò máa fi san gbèsè. Ó bá tú ìjókòó ẹ̀yìn kúrò. Àpò márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́fà, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ níwájú, láti Bódìjà lọ sí Bẹẹrẹ, kí ó tún gun Òkè-Àrẹ. Àpò mẹ́fà nìkan jẹ́ 300, ènìyàn méjì jẹ́ 140, ó di 440. Ẹ̀yìn nìkan ni gbogbo rẹ̀ wá dẹ̀, lórí òkè tí ó ga, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ní jíà kìíní. Oṣù kẹta, kílọ́ọ̀ṣì jó. Oṣù karùn-ún, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì lọ. Oṣù keje, ẹ́ńjìnnì gbóná ní Òkè-Àrẹ, wọ́n ti mọ́tò sọ̀ kalẹ̀.

Ó di pé kò sí mọ́tò, kò sí owó ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, ọjà kò sì lè dé ìsọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò rí owó ẹgbẹ́ san. Òfin wa kò ní ojú àánú nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kó ní, nítorí owó gbogbo wa ni. Àwọn onídùúró ni wọ́n yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aránṣọ, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Nígbà tí ó wá gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kò pé. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún ni àwọn méjèèjì, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Owó náà ti ń padà sí àyè rẹ̀ báyìí, díẹ̀díẹ̀.

Lójú tiwa, mọ́tò kékeré kọ́ ni ó jẹ gbèsè yẹn. Wọ́n ra mọ́tò tí ó ń dín owó epo kù, wọ́n wá fi í ṣe lọ́rì. Epo tí à ń rò pé a jèrè rẹ̀, ara kékeré rẹ̀ àti fífúyẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń wá. Ìyá Aláṣọ kì í gbé bélì aṣọ sínú tirẹ̀. Ó ń san owó fún ọlọ́kọ̀ akẹ́rù láti Èkó, òun nìkan àti aṣọ díẹ̀ tí oníbàárà fẹ́ kíákíá ni Micra ń gbé. Ó tún ní àpò kékeré kan tí ó ń fi owó lítà epo méjì sí lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ti mọ́tò ni, kì í bá ọjà ná an. Nígbà tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ, inú àpò yẹn ni ó ti yọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, kò wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ fún ẹ̀yáwó.

Níbi táyà, 155/70 R13 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lára rẹ̀: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá, bí ojú rẹ̀ bá dán bí dígí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á. (Dunlop tí ń ṣe táyà n'Íkẹjà ti dáwọ́ dúró láti 2008, Michelin ti Port Harcourt ti ṣáájú rẹ̀ ní 2007, nítorí náà òkè òkun ni púpọ̀ ti ń wá.)

Ẹ má sì máa ra epo sí ìsàlẹ̀ tànkì. A mọ̀ pé owó ni kò jẹ́, ṣùgbọ́n inú tànkì ni pọ́ǹpù epo wà, epo tí ó yí i ká ni ó ń tù ú. Mọ́tò tí iná epo rẹ̀ ń tàn lójoojúmọ́, pọ́ǹpù rẹ̀ á tètè jó, á sì máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀. Kí ó máa wà ní ìdá mẹ́rin tànkì, ó kéré tán.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tirẹ̀, èyí tí a ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀ ni a óò sọ pé kó rà. Àwọn kan wà nínú irú kejì tí ń yí jíà fúnra wọn, bẹ́líìtì irin ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ni ó mọ̀ ọ́n tú. Ti ọwọ́, páàtì rẹ̀ kún Àràrọ̀mí ní Gate àti Ládípọ̀ l'Ékòó. Ṣéènì ni ó ń yí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì, bí ẹ bá sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ó máa ń pẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á, kí ẹ sì lọ láàárọ̀ kùtù. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ń léfòó lórí omi. Ẹ yọ ọ̀pá ọ́ìlì, bí ó bá funfun bí ògì, ẹ máa lọ ilé. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣíná rẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí ṣéènì ṣe ń dún kí ó tó gbóná. Bí ẹ bá débẹ̀ tí wọ́n ti ṣíná rẹ̀ sílẹ̀ dè yín, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n pa á, pé ẹ óò padà wá lọ́la.