Ọwọ́ Kọ́ Ló Jẹ̀bi, Èèkù Ni

Àgbẹ̀ abúlé Ìrókò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, tó fẹ́ ra àdá kì í fi ojú lásán rà á. Á dì í mú ní èèkù, á gbé e sókè gbé e sílẹ̀, á fi gé afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá bá ọwọ́ rẹ̀ mu, á dá a padà sórí àtẹ, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé òun ni kò mọ àdá lò. Nílé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí irinṣẹ́ bá yẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì la máa ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká mú báàgì èémí, èyí táwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Ambu. Rọ́bà tó wú bí ìbẹ́pẹ ni, ìbomú kékeré sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ bá wáyé tí kò ké, agbẹ̀bí á nù ún gbẹ, á fi aṣọ ra á lẹ́yìn. Bí kò bá tíì mí, á fi ìbomú bo imú àti ẹnu rẹ̀, á máa tẹ báàgì. Nínú ọmọ 100 tí a bí, bíi 3 sí 6 ló máa ń nílò rẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré ló sì yẹ kó kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní Ìrókò, ìṣẹ́jú kan lè má tó wá ẹni tó ní mọ́tò, ká má tíì sọ pé ká gba Mọ́níyà àti Ọ̀jọ́ọ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá UCH n'Ìbàdàn. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ agbẹ̀bí lásìkò yẹn nìkan ni ọmọ náà ní.

Àìtó ló bí báàgì yìí. Lọ́dún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú ìlú Dẹ́ńmáàkì, ẹ̀rọ tó lè bá aláìsàn mí kò sì kárí. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí wọ́n lu ọ̀nà ọ̀fun wọn, kí wọ́n máa fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ sí wọn nínú. Bíi 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbà á fún ara wọn tọ̀sán-tòru. Àmọ́ báàgì ayé ìgbà yẹn ní àbùkù kan: bí ọ́síjìn kò bá ti inú sílíńdà wá kún un, ó di àpò òfìfo. Nígbà táwọn awakọ̀ akẹ́rù daṣẹ́ sílẹ̀, tí ọ́síjìn fẹ́ẹ́ wọ́n, Dókítà Henning Ruben wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ó mú àwọn irin tín-ín-rín tó máa ń gbé rímù kẹ̀kẹ́ ró, ó jó wọn pọ̀ sínú báàgì kan. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó sún kì. Bí a bá fi í sílẹ̀, irin a tì í padà, afẹ́fẹ́ inú yàrá a sì kún un. Ẹnjiníà Holger Hesse bá a sọ ọ́ di ọjà. Lọ́dún 1956 ló jáde, nígbà tó ku ọdún kan kí UCH ṣí ilẹ̀kùn.

Ọ́síjìn kò dá báàgì náà dúró mọ́. Àbùkù ìrísí rẹ̀ ló kù. Ọmọláńgidi ló sì tú àṣírí rẹ̀.

Asmund Laerdal, ará Nọ́wè tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ló ṣe ọmọláńgidi Resusci Anne lọ́dún 1960, kí èèyàn lè fi kọ́ bí a ṣe ń fún ẹni tó dákú léèémí. Lọ́dún 2010, nígbà tí Helping Babies Breathe, ètò tó ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí a ṣe ń ran ìkókó lọ́wọ́ láti mí, bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti ní ọmọláńgidi ìkókó tí wọ́n ń rọ omi sí nínú kó lè wúwo bí ọmọ gidi. Ọmọláńgidi kì í tijú ẹnikẹ́ni. Bí ìbomú bá ń jò, àyà rẹ̀ kò ní gbéra.

Ẹ wo agbẹ̀bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di ìbomú mú, ìka mẹ́ta tó kù gbé àgbọ̀n ọmọ sókè. Ọwọ́ kejì ń tẹ báàgì. Báàgì náà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó ti ń tẹ̀ ẹ́ ló ń fa ìbomú tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde, fúù. Wọ́n wá ṣe òmíràn tó dúró ṣánṣán lórí ìbomú. Ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ náà ló ń ti ìbomú mọ́ ojú ọmọ. Nígbà tí wọ́n fi méjèèjì wéra lára ọmọláńgidi ní Tanzania, afẹ́fẹ́ tó wọlé pọ̀ sí i pẹ̀lú èyí tó dúró, èyí tó ń jò sì dínkù. Ọwọ́ ò yí padà. Èèkù ló yí padà.

Àwọn awakọ̀ òfuurufú ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, awakọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ogun B-17 a gúnlẹ̀ láyọ̀ tán, a sì ṣèèṣì ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wọlé, ọkọ̀ a fi ikùn wọ́lẹ̀. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, Alphonse Chapanis, rí i pé bọ́tìnnì ẹsẹ̀ àti ti ìyẹ́ jọra, wọ́n sì wà nítòsí ara wọn. Ó fi ohun tó rí bíi táyà sórí ọ̀kan, ó fi èyí tó rí bí ìyẹ́ sórí èkejì, àṣìṣe náà sì dáwọ́ dúró.

Èyí kò sọ pé báàgì tó dára ń tẹ ara rẹ̀. Ọwọ́ tí kò bá fi í dánra wò á gbàgbé láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ̀wé ra irinṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kọ́ ló máa dì í mú lóru. Kí wọ́n tó sanwó báàgì fún àwọn ilé ìlera Akínyẹlé, kí wọ́n gbé ọmọláńgidi sórí tábìlì, kí wọ́n pe agbẹ̀bí abúlé, kó fi báàgì kọ̀ọ̀kan tẹ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí gbogbo wọn máa wo àyà. Èyí tí kò bá gbé àyà sókè, kí wọ́n dá a padà sórí àtẹ.