Ọ̀fìnkìn Tí Kì í Ṣe Ti Òtútù

Gbogbo ọ̀fìnkìn kọ́ ni òtútù ń fà. Bí ènìyàn bá ń sín léraléra, tí omi ń dà ní imú rẹ̀, tí ojú sì ń yún un fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ibà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ ni ó fà á. Ara a máa ka ohun tí kò léwu sí ọ̀tá, a sì tú èròjà histamine sílẹ̀ láti bá a jà.

Nínú ilé, ohun tí ó sábà máa ń fà á ni ìgbẹ́ aáyán, ara ológbò àti ajá, ògiri tí ọ̀rinrin mú, àti kòkòrò tíntìntín inú tìmùtìmù. Níta, lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko ni. Eruku ọyẹ́ a sì máa mú un le sí i.

Oògùn agbógunti kòkòrò àrùn kò ran irú ọ̀fìnkìn yìí. Ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ ìbùsùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu eruku. Bí mímí bá ń nira, ẹ tètè lọ rí dókítà, nítorí ikọ́ fée a máa bá a rìn.