Ẹ̀rọ Akọ̀wé Tí Wọ́n Ń Ṣí Ìlẹ̀kùn Rẹ̀ Díẹ̀díẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ OpenAI tí ó wà ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti ṣe ẹ̀rọ kan tí ń kọ̀wé bí ènìyàn, ṣùgbọ́n pé àwọn kò ní fi odindi rẹ̀ lé aráyé lọ́wọ́. GPT-2 ni orúkọ rẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́jọ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí a bá fún un ní gbólóhùn kan péré, yóò fa ọ̀rọ̀ náà gùn di odindi ìròyìn, ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ irọ́. Irọ́ yìí gan-an ni wọ́n bẹ̀rù, kí àwọn oníjìbìtì má baà fi ẹ̀rọ náà tan ayédèrú ìròyìn kálẹ̀.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan yìn wọ́n. Àwọn mìíràn béèrè bí ará ìta yóò ṣe mọ àléébù ohun tí a fi pamọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ní ìpolówó lásán ni.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ó yẹ kí a wo ohun tí wọ́n ṣe kí a tó dá wọn lẹ́bi. Iye nọ́ńbà tí irú ẹ̀rọ yìí fi ń ṣe ìṣirò ni a fi ń mọ bí ó ti tóbi tó. Wọ́n kọ́kọ́ gbé èyí tí ó kéré jù lọ jáde, mílíọ̀nù 124. Ní oṣù karùn-ún, mílíọ̀nù 355. Ní oṣù kẹjọ, mílíọ̀nù 774. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, odindi rẹ̀, bílíọ̀nù kan àbọ̀. Láàárín àkókò yìí, àwọn ará ìta ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cornell fi ìwé tí ẹ̀rọ náà kọ han àwọn ènìyàn, wọ́n sì fún odindi rẹ̀ ní nǹkan bí 7 nínú 10 nípa bí ó ti ṣeé gbà gbọ́ tó.

Àmọ́ ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọ̀dọ́ onímọ̀ méjì láti Yunifásítì Brown ti ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde. Àkókò nìkan ni ìdádúró lè rà. Kò kéré, bí a bá fi ṣe àyẹ̀wò.

Nígbà tí GPT-4 dé ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìwé tí wọ́n fi kéde rẹ̀ kò sọ bí ó ti tóbi tó, tàbí ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ìdí méjì ni wọ́n mú wá: ìdíje ọjà àti ààbò. Lójú tèmi, ẹni tí àṣírí ń mówó wọlé fún kò yẹ ní ẹni tí yóò dá nìkan sọ pé àṣírí náà ni ààbò. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ náà tó tún gbé ẹ̀rọ akọ̀wé mìíràn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti tú wò, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà.