Ìtẹ̀ka Tí Kò So Ni Mọ́lẹ̀

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Mówè, Ìbàfò tàbí Ìfọ̀ mọ ohun tí ìtẹ̀ka ń ṣe. O san owó, o fọwọ́ sí ìwé, ọmọ onílẹ̀ fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí náà fọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn. Bí o bá ní lọ́la pé ilẹ̀ ọ̀hún kò wù ọ́ mọ́, ẹjọ́ lo ń wá. Kí o sì tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, àwọn kan á tún yọjú wá gba owó ìpìlẹ̀. Abájọ tí àyà fi ń já èèyàn nígbà tí nọ́ọ̀sì bá na bírò sí i pé kó fọwọ́ sí ìwé ìwádìí oògùn.

Ìwé ìwádìí oògùn kì í so ni mọ́lẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí i lónìí lè sọ lóṣù tó ń bọ̀ pé òun kò ṣe mọ́. Kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, kò pọn dandan kó sọ ìdí, ìtọ́jú tó tọ́ sí i ní ọsibítù kò sì gbọdọ̀ yingin. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ìwádìí wà fún àti ohun tó lè ṣe sí ara, ire àti ibi, kí èèyàn tó fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ àlàyé yìí gan-an ló dá wàhálà ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer sílẹ̀ ní Kánò. Ní 1996, wọ́n dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tí méníńjáítìsì ń dà láàmú, àwọn òbí kan sì ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni.

Ọ̀rọ̀ ìwádìí oògùn kò tilẹ̀ jìnnà sílé. Ní oṣù kẹsàn-án 2004, ní Èkó àti Ìbàdàn, orí méjèèjì ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Mówè kọjá, ìwádìí bẹ̀rẹ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ SAVVY. Obìnrin á fi í sójú ara kó tó bá ọkùnrin lò pọ̀, bóyá á dènà kòkòrò HIV. Obìnrin 2,153 ló kópa. Àwọn kan gba SAVVY, àwọn yòókù gba jẹ́ẹ̀lì tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Ní 2006, àwọn tí wọ́n yàn pé kí wọ́n máa yẹ èsì wò rí i pé kò jọ pé ìwádìí náà á lè fi hàn pé SAVVY ń dáàbò boni, wọ́n bá dá a dúró. Lápapọ̀, ẹni 33 ló kó kòkòrò náà: 21 lára àwọn tó gba SAVVY, 12 lára àwọn tó kù. Iye yẹn kò tó láti fi dá jẹ́ẹ̀lì náà lẹ́bi, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é ní ààbò?

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kéèyàn gbé dání ní gbogbo ìgbà tó bá padà lọ ni pé: “Dókítà, kí lẹ ti rí láti ọjọ́ yẹn?” Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ohun tí wọn kò mọ̀ lọ́jọ́ tí o tẹ̀ka lè ti hàn sí wọn báyìí.

Èmi ò rò pé owó mọ́tò tí wọ́n ń fúnni tó ìdí láti dúró nínú ìwádìí, pàápàá bí oògùn bá ń dà ọ́ láàmú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ kì í sì í ṣe ìdí kékeré láti kúrò. Ẹni tó ti há sí iwájú àgọ́ ìjọ Rídéémù rí ní Friday àkọ́kọ́ inú oṣù kò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n má kàn pòórá. Àwọn oògùn kan wà tí a kì í dá dúró lójijì: ẹni tó ti ń lo prednisolone fún ìgbà pípẹ́ tó ṣíwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lè dákú. Pe àwọn tó ń ṣe ìwádìí náà, kí wọ́n kọ́ ọ bí wàá ṣe dín in kù. Bi wọ́n pẹ̀lú pé kí ni wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà ṣe. Àwọn ìwádìí kan sì wà tí o ti lè fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n ṣì máa pè ọ́ lórí fóònù láti béèrè àlàáfíà rẹ.

Kí ẹ̀dà ìwé tí o fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ rẹ. Wo inú rẹ̀ fún nọ́ńbà ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tó ń kópa. Ìyẹn kì í ṣe nọ́ńbà dókítà tó ń ṣe ìwádìí, o sì lè pe ìgbìmọ̀ náà láìsọ fún dókítà.